Búlọ́ọ̀kù igi lábẹ́ bọ́ílà ìta: bí a ṣe ń ṣe é, bí a ṣe ń dá a, bí a ṣe ń ṣọ́ ọ

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi búlọ́ọ̀kù igi, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú pákó tí a fún pọ̀ tí a sì sá gbẹ, dáná sábẹ́ bọ́ílà wa, bí mo ṣe máa ń ki igi bọ ààrò ni mo ṣe ki òun náà, títí ó fi kún dé ẹnu. Wòlíìmọ̀ la fẹ́ dáná fún ní Ìlọrin níhìn-ín, adìẹ 60 sì wà nílẹ̀ tó ń dúró de omi gbígbóná. Mo ti ilẹ̀kùn ààrò, mo lọ jókòó ti àlùbọ́sà. Mi ò tíì bó ogún tán tí ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fi pariwo. Ìdí ọ̀pá èéfín ti pọ́n bí ẹyìn, omi ń hó jáde lẹ́nu àgbá, ó ń ya sórí iná, iná ò sì gbọ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi máa rọlẹ̀, àwọn irin tí igi ń jókòó lé ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. "Àlàájà," ọmọ náà ní, "iná yìí ò jọ ti igi o."

Kò jọ ọ́ lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ kúrò nídìí igi tútù pé kó má wo búlọ́ọ̀kù bí igi tí wọ́n gé kúrú. Ohun méjì ló ń bà á jẹ́: omi àti àkójù. Bí omi bá kàn án, á padà di lẹ́búlẹ́bú tó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí a bá kó o jù, á gba iná mọ́ wa lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, láti ìdí ayùn títí dé ìdí eérú, abẹ́ méjèèjì yìí ló wà.

Bọ́ílà wo là ń sọ?

Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, bọ́ílà ìta dà bí ahéré onírin kékeré tó dá dúró sẹ́yìn ilé. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, omi yí ibi iná náà ká, páìpù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sì ń gbé omi gbígbóná lọ sínú ilé kí ilé lè móoru nígbà òtútù. Igi ni wọ́n fi ń dá púpọ̀ nínú wọn; àwọn mìíràn ń fi búlọ́ọ̀kù tí ẹ̀rọ fún pọ̀ kún un. Èéfín wọn dá wàhálà sílẹ̀ láàárín aládùúgbò, débi pé ní 2015 iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí àyíká gbé òfin kalẹ̀ lórí èéfín àwọn tuntun tí wọ́n ń tà, ìpele tó le jù nínú òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2020.

Tiwa yàtọ̀. Ta ni yóò máa mú ilé móoru ní Ìlọrin, lóṣù kẹta? Omi gbígbóná là ń wá: èyí tí a fi ń hú ìyẹ́ adìẹ, èyí tí a fi ń bọ ìrẹsì, èyí tí a fi ń fọ ìkòkò àsè tó ti lẹ̀. Àgbá onírin tó ń gba 200 lítà ni wẹ́dà gbé ka orí ààrò fún mi, ó fi ẹ̀rọ omi onírin sí i nísàlẹ̀, ó ṣe ilẹ̀kùn sí ẹnu ààrò, ó sì fi ọ̀pá èéfín sẹ́yìn rẹ̀. Lábẹ́ òrùlé páànù tí kò ní ògiri ló wà. Ìtọ́sọ́nà yìí bá irú rẹ̀ mu, ó sì bá ààrò ńlá tí àwọn tó ń se ẹyìn fún epo ní Òmù-Àràn tàbí Òkè-Oníigbìn ń lò mu pẹ̀lú.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ gbọ́ èyí: àgbá tí ẹ bá ń gbé ka iná kò gbọdọ̀ ní ìdérí tí ẹ dè pa. Omi tó bá di ooru máa ń fẹ̀ ju ìlọ́po 1,600 lọ. Bí kò bá rí ibi gbà jáde, àgbá yóò bẹ́, á sì bẹ́ mọ́ ẹni tó dúró tì í. Ìdérí tí a kàn gbé lé e lásán ti tó. Ẹ má sì gbà kí wẹ́dà kankan sọ fún yín pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń dí i, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ ra bọ́ílà gidi tó ní gbogbo ohun ìdáàbòbò rẹ̀ láti iléeṣẹ́ tó ń ṣe é.

Ààrò fúnra rẹ̀

Búlọ́ọ̀kù ń gbóná ju igi lọ, nítorí náà ohun tó ń gba igi lè má gbà á. Àwọn irin ìjókòó tó tẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, tínrín ni wọ́n. Ọ̀pá 16 mílímítà ni mo fi rọ́pò wọn. Ẹ jẹ́ kí àlàfo àárín wọn tó ìbú ìka kan péré. Bó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, búlọ́ọ̀kù tó ti jó dé ìdajì á máa já bọ́ sínú eérú kó tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ààyè 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ lábẹ́ irin náà, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni eérú ń bọ́ sí. Láti orí irin dé ìdí àgbá, 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà ló dára. Àwọn tó ń fi igi dáná máa ń gbé àgbá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé igi wọn tóbi, àmọ́ pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù ńṣe ni ìdajì ooru yóò kàn gba ẹ̀gbẹ́ lọ.

Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì kọ́ ibi tí iná yóò máa fọwọ́ kàn. Ó máa ń là. Bíríkì amọ̀ ló dára, ká sì fi amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dada, Òkèlele, ṣe ń sun ìkòkò mọ̀ pé amọ̀ kò bẹ̀rù iná. Òjò ló ń bẹ̀rù, ìdí nìyẹn tí òrùlé fi ṣe pàtàkì.

Ilẹ̀kùn ààrò gbọ́dọ̀ ní ojú kékeré tí a lè ṣí tàbí ká tì díẹ̀díẹ̀, torí ojú yẹn ni a fi ń darí iná. Ibi tí ilẹ̀kùn náà kọjú sí náà ṣe pàtàkì. Nígbà ọyẹ́, láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá bá wa ní Kwara. Bí ẹnu ààrò bá kọ ibẹ̀, ọyẹ́ yóò máa fínná fún yín láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ìṣọwọ́ jó búlọ́ọ̀kù yóò sì di ìlọ́po. Mo yí tèmi kọ gúúsù ìlà-oòrùn, mo sì gbé páànù kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pá èéfín: kó ga ju òrùlé lọ dáadáa, kó jìnnà sí fèrèsé aládùúgbò. Ẹ fi àwọ̀n wáyà bo orí rẹ̀ nítorí ẹ̀ta iná tó ń fò jáde, pàápàá bí ilé koríko tàbí igbó gbígbẹ bá wà nítòsí. Àwọ̀n náà máa ń dí. Ẹ máa gbọ̀n ọ́n.

Níbo la ti ń rí lẹ́búlẹ́bú pákó?

Nídìí ayùn, níbo ni ì bá tún jẹ́? Àwọn tó ń la gẹdú ní Ìlọrin máa ń ní òkìtì lẹ́búlẹ́bú tí wọn ò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe; púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń dáná sun síbẹ̀, tí èéfín rẹ̀ ń bo gbogbo àdúgbò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mú àpò lọ, ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ wò mí, ó ní, "Àlàájà, ẹ kó o lọ. Ẹ sáà gbá ibẹ̀ mọ́ fún wa." Ní báyìí tí àwọn olósìn adìẹ àti àwa ti ń dù ú, wọ́n ti ń gba owó díẹ̀. Mi ò bínú sí wọn.

Ẹ béèrè igi tí wọ́n là lọ́jọ́ náà. Lẹ́búlẹ́bú arère fúyẹ́, ó tètè ń gbiná, ó sì tètè ń tán. Ti apá àti ìrókò wúwo, ó ń pẹ́ lórí iná. Àdàpọ̀ wọn ni mo fẹ́ràn jù. Àmọ́ eruku ìrókò kì í ṣe ọ̀rẹ́ ara: ó máa ń yún àwọn kan lára, ó sì ń dí àwọn mìíràn ní àyà. Ẹ fi nǹkan bo imú nígbà tí ẹ bá ń kù ú.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ kó ni lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà, ti puláíwúùdù, àti ti pákó tí wọ́n fi òògùn ikán rì. Àwọn òògùn kan tí wọ́n fi ń dáàbò bo pákó ní kọ́pà, kúrómíọ́ọ̀mù àti ásẹ́níìkì tó jẹ́ májèlé nínú, iná kì í sì í sun ásẹ́níìkì run. Ó ń lọ sínú èéfín, ìyókù á dúró sínú eérú. Nítorí èyí ni mi ò ṣe ń gbá ilẹ̀ ìsọ̀ kápẹ́ńtà. Wọ́n máa ń da oríṣiríṣi pọ̀ níbẹ̀, ìṣó sì máa ń wà nínú rẹ̀.

Fífún un pọ̀

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ̀rọ ńlá máa ń fi agbára àti ooru tẹ lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ débi pé ohun tó wà nínú igi fúnra rẹ̀, tó ń so igi pọ̀, á rọ̀, á sì di gọ́ọ̀mù. Búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ kò nílò ohun mìíràn tí yóò lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ ju ẹ̀kúfọ́ rẹ̀ kan sínú omi: èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ dáadáa yóò rì bí òkúta, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ óò rí i tó ń wú, tó ń tú. Tiwa tí a fi ọwọ́ tẹ̀ máa ń léfòó.

Àwa tí a kò ní ẹ̀rọ, sítáàṣì gbágùúdá la ń lò. Fún kílò 10 lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ, ìdajì kílò sí kílò kan sítáàṣì ti tó. Mi ò ra sítáàṣì rí. Lọ́dọ̀ àwọn onígàárì ni mo ti ń gbé e: omi tó ń jáde lára gbágùúdá tí wọ́n ń fún, bí a bá gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, sítáàṣì funfun á ti fìdí kalẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ da omi òkè rẹ̀ nù sí ibi tí ewúrẹ́ kò lè dé o. Májèlé gbágùúdá wà nínú rẹ̀, ó ti pa ẹran ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ po sítáàṣì náà mọ́ omi tútù díẹ̀, kí ẹ wá da omi tó ń hó lé e bí ìgbà tí ẹ ń dá ẹ̀kọ mímu, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ki tí yóò sì máa dán. Ẹ dà á sórí lẹ́búlẹ́bú tí ẹ ti kù, ẹ fọwọ́ pò ó kárí. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n ń da omi púpọ̀ sí i kó lè rọrùn láti pò. Ẹ bù ú sọ́wọ́, ẹ fún un. Bí ó bá dúró bí òkèlè, tí omi díẹ̀ kàn yọ láàárín ìka, ó ti dára. Bí omi bá ń ṣàn dé ìgúnpá yín, ẹ fi lẹ́búlẹ́bú sí i. Bí ẹ bá la ọwọ́ tó sì fọ́nká, sítáàṣì ló kù. Pààlì àti ìwé ìròyìn tí a rẹ fún ọjọ́ méjì tí a sì gún lè gba ipò ìdajì sítáàṣì náà.

Ohun tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ kò le. Wẹ́dà gé páìpù onírin tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó 10 sẹ̀ǹtímítà, ó lu ihò kéékèèké yí i ká kí omi lè jáde, ó gbé e sáàárín férémù onírin, ó sì fi jáàkì mọ́tò olótọ́ọ̀nù márùn-ún sórí rẹ̀. Mo ní kó fi ọ̀pá kan tó tó àtàǹpàkò sí àárín páìpù náà kí búlọ́ọ̀kù lè ní ihò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ má fojú kéré ihò yẹn. Ó ń jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù gbẹ dé inú, nígbà tó bá sì dé orí iná, afẹ́fẹ́ á gba àárín rẹ̀, á máa jó nínú àti lóde. Ẹ tẹ jáàkì títí omi kò fi ní jáde mọ́, ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó tì í jáde. Bí ẹ bá yára tú u, á tún wú padà, á sì sán.

Gbígbẹ, àti ibi tí a ń kó o sí

Nínú ọyẹ́, ọjọ́ márùn-ún sí méje nínú oòrùn ti tó, bí a bá ń yí wọn. Lóṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ẹ lè sá wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n má tíì gbẹ. Èyí ló fà á tí mo fi ń ṣe gbogbo tèmi láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, bí ẹni ń tọ́jú iṣu sínú abà.

Ojú lè tan èèyàn, torí ara rẹ̀ á ti gbẹ tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Òṣùwọ̀n kì í purọ́: ẹ sàmì sí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, ẹ máa wọ̀n wọ́n láràárọ̀. Ọjọ́ tí ìwọ̀n wọn kò bá dín mọ́ fún ọjọ́ méjì léra ni wọ́n gbẹ. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, kó gbá méjì mọ́ra: èyí tó gbẹ ń dún kọ̀ọ̀kọ̀ bí igbá, èyí tó tutù ń dún bọ̀ọ̀ bí ẹni fọwọ́ lu tìmùtìmù.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo omi tó báyìí? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Láti mú lítà omi kan hó láti ìwọ̀n 25 dígírì, ooru tó nílò jẹ́ nǹkan bíi 315 kílójúùlù (ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru). Láti wá mú kí lítà kan náà máa hó títí yóò fi gbẹ tán, ó tó 2,260, ìyẹn bí ìlọ́po méje. Igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè jẹ́ pé ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ni omi. Gbogbo omi yẹn ni iná yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé jáde kó tó ráyè ti àgbá. Owó igi lẹ san, omi lẹ rà. Ìṣirò kan náà ló ní kí ẹ máa gbé ìdérí lé àgbá, torí ooru tó ń fò lọ lókè náà, iná yín ló ń gbé lọ.

Ẹ to búlọ́ọ̀kù sórí pákó tí kò kan ilẹ̀, kó jìnnà sí ògiri díẹ̀, lábẹ́ òrùlé tí kò jò. Tapólì nìkan kò tó: bí ẹ bá fi dì í pa, òógùn ilẹ̀ á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, búlọ́ọ̀kù á sì hu olú. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè kọjá. Kó sì jìnnà sí ààrò, ó kéré tán ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.

Dídá iná náà

Omi la kọ́kọ́ ń pọn, ká tó ṣáná. Mo ti rí àgbá tí ìdí rẹ̀ jó nítorí pé ẹni tó dáná gbà pé ẹlòmíràn ti pọn ọ́n.

Ẹ kó eérú àná kúrò, ẹ ṣí ojú ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ẹ to búlọ́ọ̀kù méjì sórí irin, kí àlàfo ìka méjì wà láàárín wọn, kí ihò wọn kọjú sí ẹnu ààrò. Ẹ gbé ẹ̀ẹ̀kẹta dábùú wọn. Sáàárín àlàfo yẹn ni kí ẹ ki ògùṣọ̀ tàbí ẹ̀rún igi gbígbẹ bọ̀, kí ẹ ṣáná sí i. Ní Gúúsù Kwara tí ẹyìn pọ̀ sí, ògùṣọ̀ kò wọ́n, kò sì sí ohun tó dà bíi rẹ̀ fún fífinná.

Ẹ má da kẹrosín sí i. Bẹntiróòlù, kí n má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ẹ má sì bu lẹ́búlẹ́bú tí a kò tẹ̀ dà sínú iná tó ń jó láti fi ràn án lọ́wọ́. Eruku igi tó fẹ́ sínú iná máa ń gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, fììì, á sì yọ sí èèyàn lójú. Irun iwájú orí mi mọ̀ nípa èyí.

Búlọ́ọ̀kù máa ń lọ́ra láti gbiná. Ó lè gba ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí ó tó mú dáadáa, èéfín funfun á sì máa jáde. Ẹ ní sùúrù. Àìnísùúrù níbí ló ń mú kí èèyàn kó mẹ́fà sí i kún mẹ́ta, tí gbogbo mẹ́sàn-án á wá mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Bíbọ́ iná àti ṣíṣọ́ ọ

Nígbà tí àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ bá ti pọ́n kárí ni ẹ óò fi méjì sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, méjì méjì, nígbà tí àwọn ti ìṣáájú bá ti jó dé ìdajì. Ohun tó wà nínú ààrò kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta àyè rẹ̀ lọ nígbàkigbà. Ìdí rẹ̀ nìyí: nínú àyè kan náà, búlọ́ọ̀kù gbígbẹ gbé ohun jíjó tó pọ̀ ju igi lọ, kò sì ní omi tí yóò fa ọwọ́ iná sẹ́yìn. Igi tútù ń kó ara rẹ̀ níjàánu. Búlọ́ọ̀kù kò ní ìjánu àyàfi èyí tí ẹ bá fi sí i. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ tún máa ń wú bó ṣe ń jó, nítorí náà bí ẹ bá kì í mọ́ ògiri, ó lè há, kó sì ti ilẹ̀kùn ṣí.

Ẹ má tọ́ ọ. Ọwọ́ àwa tó ti mọ́ igi lára máa ń yún wa láti fi irin rú iná. Búlọ́ọ̀kù tí a bá rú ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, ìdajì á bọ́ sínú eérú, ìdajì á gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ tún un tò, ẹ fi ẹ̀mú gbé e jẹ́jẹ́.

Nígbà tí iná bá ti mú, ẹ ti ojú ilẹ̀kùn dé ìdajì. Láti ibẹ̀ lọ, orí ọ̀pá èéfín ni kí ẹ máa wò. Bí èéfín bá funfun tó sì nípọn, búlọ́ọ̀kù tutù tàbí iná kò tíì gbóná tó. Bó bá dúdú, ẹ ti kó o jù tàbí ẹ ti fún un lọ́rùn jù. Ẹ ṣí ojú ilẹ̀kùn. Bí ẹ kò bá rí èéfín kankan, tí ojú ọ̀run kàn ń mì lórí ọ̀pá náà bí ìgbà tí oòrùn ń pa títì ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo, ó ti dé ibi tó yẹ, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan máa ń ti ilẹ̀kùn pa pátápátá kí búlọ́ọ̀kù lè pẹ́ di òwúrọ̀, pàápàá nígbà ààwẹ̀ tí a nílò omi gbígbóná ní sààrì. Ó ń pẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iná tó ń jó láìrí afẹ́fẹ́ máa ń rán èéfín tí kò jó tán sára irin tó tutù, níbẹ̀ ló ti ń dì, á sì di ohun dúdú tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà. Ọ̀dà yìí ni ìṣòro ńlá àwọn bọ́ílà òyìnbó náà, torí omi tó yí iná wọn ká ń mú ara irin tutù. Ó ń jẹ irin. Lọ́jọ́ tó bá sì gbiná nínú ọ̀pá èéfín, ariwo rẹ̀ dà bí ti ọkọ̀ ojú irin tó ń wọ Ọ̀fà. Ó sàn kí ẹ dáná kékeré tó mọ́ ní agogo mẹ́ta òru ju kí ẹ jẹ́ kí ńlá máa rú èéfín di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ lè fi àpò ọ̀gbọ̀ gbígbẹ bo ara àgbá lẹ́yìn tí iná bá ti kú tán. Omi á ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́ di sààrì.

Ẹ má gbé ẹ̀yinná rẹ̀ wọ yàrá láti fi yáná nígbà ọyẹ́. Gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun.

Mélòó ni yóò tó?

Ká ní lítà 150 ni omi tó wà nínú àgbá, tí ó sì wà ní 25 dígírì. Láti mú un hó, ooru tó gbọ́dọ̀ wọ inú omi náà jẹ́ nǹkan bíi 47,000 kílójúùlù. Kílò kan búlọ́ọ̀kù tó gbẹ dáadáa ní bíi 16,000 nínú. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọ inú omi, kílò mẹ́ta ti tó. Kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé. Lórí ààrò tí àgbá kàn jókòó lé, bí ìdá mẹ́rin kan bá dé inú omi ẹ ti gbìyànjú, ìyẹn jẹ́ kílò 12. Bí ẹ bá mọ amọ̀ yí ara àgbá ká, tí ẹ fi àlàfo ìka mẹ́ta sílẹ̀ kí iná lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gòkè kó tó dé ọ̀pá èéfín, ẹ óò rí i pé iye tí ẹ ń lò á dínkù gan-an. Owó amọ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó máa wá lẹ́búlẹ́bú kún lẹ́búlẹ́bú.

Bí búlọ́ọ̀kù yín kò bá pọ̀ tó, ẹ lè pa á pọ̀ mọ́ igi gbígbẹ: igi fún ìpìlẹ̀, búlọ́ọ̀kù méjì láti gbé e sókè nígbà tí omi bá ń lọ́ra. Igi tútù ni kí ẹ má pa á pọ̀ mọ́. Èéfín rẹ̀ á ba ti méjèèjì jẹ́.

Eérú, àti ìtọ́jú

Eérú búlọ́ọ̀kù kúnná bí àtíkè, kò sì pọ̀. Ẹ máa kó o láràárọ̀, torí bó bá ga dé ìdí irin, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà, irin náà á sì gbóná títí yóò fi tẹ̀. Inú garawa onírin tó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe inú ike, kì í ṣe orí ààtàn. Ẹ̀ṣẹ́ná lè wà láàyè nínú eérú fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, atẹ́gùn ọyẹ́ sì mọ bí wọ́n ṣe ń jí i. Lẹ́yìn náà, ẹ lè fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú, tàbí kí ẹ wọ́n díẹ̀ sí ìdí ewébẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, á mú ilẹ̀ le koko fún un láti hù.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà gbọn ọ̀pá èéfín, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá tutù. Ẹ tú omi inú àgbá dànù lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kó má bàa dípẹtà, kí ẹ sì ha èépá funfun tí omi bóhóòlù ń fi sí ìdí rẹ̀, torí ó ń dènà ooru. Bí òjò bá ṣú, mo máa ń fi agolo mílíìkì ńlá kan dé orí ọ̀pá èéfín. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló so okùn pupa mọ́ agolo náà, ó ní kí òun lè máa rántí ṣí i kó tó ṣáná lọ́jọ́ kejì.